ÒÙNGBẸ OKO: BÍ IRÈ OKO ṢE LÈ FARA DA Ọ̀DÁ ÀTI ILẸ̀ ONÍYỌ̀

  

Ọ̀rọ̀ òùngbẹ ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe òùngbẹ tí í gbẹ ènìyàn, bí kò ṣe èyí tí í gbẹ irè oko.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ìdajì oṣù kẹta. Ilẹ̀ tutù, inú àgbẹ̀ dùn. Ó ti yá owó nínú ẹgbẹ́, ó ti ra irúgbìn, ó sì ti san owó alágbàṣe. Ní ọjọ́ kejì òjò yẹn, ó gbin àgbàdo sí gbogbo oko rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, àgbàdo ti hù. Láti ìgbà náà, òjò kò rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewé àgbàdo ká jọ bí ẹní, ó pọ́n, ó gbẹ. Nígbà tí òjò yóò fi padà dé, ìdajì oko ti kú. Irúgbìn ti lọ, owó alágbàṣe ti lọ, ṣùgbọ́n gbèsè ẹgbẹ́ kò bá wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ àgbẹ̀ yìí. Àwọn mìíràn nínú yín sì ni àgbẹ̀ náà fúnra wọn.

Kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò tí ó rọ̀ ni irè oko ń mu. Omi tí ilẹ̀ gbà dúró ni ó ń mu. Ilẹ̀ ni ìkòkò omi irè oko. Bí ìkòkò bá jò, bí òjò rọ̀ lójoojúmọ́, òùngbẹ yóò gbẹ ẹni tí ó ń mu nínú rẹ̀. Bí ìkòkò bá sì dára, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìsí òjò kò ní pa oko.

OHUN TÍ ÒÙNGBẸ Ń ṢE SÍ IRÈ OKO

Ní abẹ́ ewé ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà tí ojú lásán kò lè rí. Inú ihò wọ̀nyí ni ewé ti ń mí, ibẹ̀ náà ni omi sì ń gbà jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí omi bá dín kù nínú ilẹ̀, irè oko a pa ihò wọ̀nyí dé kí omi inú rẹ̀ má baà tán. Ṣùgbọ́n bí ó ti pa á dé, kò lè mí dáadáa, kò sì lè ṣe oúnjẹ tí yóò fi dàgbà. Ìdí nìyí tí àgbàdo tí ọ̀dá mú fi ń dúró sójú kan, tí kì í ga, bí kò tilẹ̀ kú.

Irè oko kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. Àgbàdo a ká ewé rẹ̀ kí oòrùn má baà rí gbogbo rẹ̀ pa. Ẹ̀gẹ́ a já ewé sílẹ̀, a dúró jẹ́jẹ́ títí òjò yóò fi dé, a tún rúwé. Ẹ̀wà àti òtìlí a rán gbòǹgbò wọn lọ sísàlẹ̀ láti wá omi. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe ni pé kí ó ran ìwà tí Ọlọ́run ti dá mọ́ irè oko lọ́wọ́.

Ìgbà kan sì wà tí irè oko kò lè gba ìyà rárá. Fún àgbàdo, ìgbà tí ó ń yọ òdòdó lórí tí ó sì ń yọ irun ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà yìí àti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ó máa ń sọ bóyá ọmọ àgbàdo yóò kún tàbí yóò yọ eyín. Bí ọ̀dá bá bá àgbàdo ní kékeré, ó ṣì lè bọ́ níbẹ̀. Bí ó bá bá a nígbà tí ó ń yọ irun, òjò tí ó bá rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò lè tún un ṣe mọ́.

ÌGBÀ GBÍNGBÌN

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò pọ̀. Àgbàdo tí ó máa ń yọ òdòdó ní nǹkan bí ọjọ́ 55, bí a bá gbìn ín ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni yóò yọ òdòdó. Òjò ń rọ̀ dáadáa nígbà náà. Bí a bá gbin irú kan náà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, nǹkan bí ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ni yóò yọ òdòdó. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni òjò máa ń sinmi. Oko kan náà ni, irúgbìn kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan yóò gbó, èkejì yóò sì di oúnjẹ màlúù.

Bákan náà ni ti àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì. Èyí tí ó máa ń yá, tí ó ń yọ òdòdó ní nǹkan bí ọjọ́ 50, bí a bá gbìn ín ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ìdajì oṣù kẹwàá ni yóò yọ òdòdó. Òjò ṣì wà. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ìdajì oṣù kọkànlá ni tirẹ̀ yóò bọ́ sí. Ní Ìpaò, Òkè-Àkó àti Ìrèlè, níbi tí ilẹ̀ wa ti ń súnmọ́ ọ̀dàn, òjò ti lọ kí ó tó di ìgbà náà. Ẹ̀wà ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nítorí ẹ̀wà lè fi omi díẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti àkọ́rọ̀ òjò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín. Kí ẹ tó gbin àgbàdo, ẹ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóko. Bí ilẹ̀ kò bá tutù jìn tó láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ẹ ní sùúrù. Ẹ bu erùpẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́. Bí ó bá dì mọ́ra, ìkòkò ti ń kún. Bí ó bá fọ́n ká bí ìyẹ̀fun, òjò kan tàbí méjì ṣì kù. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó gbin apá kan oko, kí ó dá apá kejì sí di òjò tí ó tẹ̀lé e. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Àjọ tí ń wo ojú ọjọ́ fún Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí NiMet, máa ń kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí òjò ọdún náà yóò ṣe rí. Ó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ìkéde náà, kí ó sì kà á fún ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó pín owó yíyá.

IRÚGBÌN

Láti nǹkan bí ọdún 2007 ni ilé ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn àti CIMMYT ti orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ti jọ ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo tí ó lè fara da ọ̀dá, ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá nílẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú àgbàdo tí a rí nínú iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irúgbìn, òmíràn nínú wọn ń jẹ́ SAMMAZ pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, a tún fọwọ́ sí àgbàdo TELA, tí a ṣe kí ó lè kojú kòkòrò tí ń jẹ ìdí àti ewé, kí ó sì fara da ọ̀dá díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo SAMMAZ ni ó ń fara da ọ̀dá. Nítorí náà, ẹ bi olùkọ́ àgbẹ̀ ti ADP léèrè nọ́ńbà tí ó yẹ fún àdúgbò yín. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ìrẹsì òkè, NERICA 1, tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2003 lábẹ́ orúkọ FARO 55, máa ń tètè gbó kí òjò tó lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé o: irúgbìn tí ń fara da ọ̀dá kì í ṣe irúgbìn tí kì í mu omi. Ó kàn lè ní sùúrù ju èkejì rẹ̀ lọ ni.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbin àgbàdo tàbí ìrẹsì òkè lọ́la, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ní àárọ̀, ẹ dà á sórí ẹní níbòòji títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín ní ọjọ́ náà gan-an. Yóò tètè hù, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì ti lọ sísàlẹ̀ kí oòrùn tó le. Ilẹ̀ tí ó tutù nìkan ni kí ẹ gbìn ín sí. Irúgbìn tí a ti fi oògùn pa lára, ẹ má rẹ ẹ́ rárá, kí oògùn náà má baà ṣe yín ní jàǹbá.

BÍ A ṢE LÈ TÚN ÌKÒKÒ ṢE

Àwọn àgbà máa ń sọ pé omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Lórí oko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì, omi tí àgbàdo wa ìbá mu ń ṣàn kọjá rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń kó ọ̀rá ilẹ̀ lọ sódò. Ìdí ni pé àwa ni a la poro láti òkè lọ sísàlẹ̀. Ẹ kọ ebè yín kí ó dínà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kì í ṣe kí ó bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi erùpẹ̀ dí poro ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí omi lè dúró kí ó sì rì sínú ilẹ̀. Ibi tí omi bá ti máa ń dúró ju ọjọ́ kan lọ, ẹ ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí àgbàdo kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa rẹ sómi.

Ohun kejì ni pé kí ẹ bo ilẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní èyí. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu, tí wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Iṣu tí a gbìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn sì rí orí ebè rẹ̀ pa ní ìhòòhò, ṣe ni yóò jóná nínú ilẹ̀. Ẹ mú ọgbọ́n yìí kan náà lọ sí ìdí tòmátì, ata, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó kékeré. Pòròpórò àgbàdo, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko tí kò tíì so èso ni kí ẹ lò. Ẹ̀gúsí tí a gbìn sáàárín àgbàdo náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ó ti ń rá, ó ń bo ilẹ̀, ó ń pa koríko, a ó sì tún rí i tà.

Ẹ tètè ro oko. Koríko tí ó wà láàárín àgbàdo, inú ìkòkò kan náà ni ó ti ń mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin kòkó, ilẹ̀ wa ní apá òkè yìí ní iyanrìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ di omi mú. Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú kí ibòòji tó tó. Ẹ gbé kòkó kékeré sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà kí ó lè fìdí múlẹ̀, kí ẹ sì bo ìdí rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

INÁ

Ohun tí ó ń fọ́ ìkòkò yìí jù ní àdúgbò wa ni iná ìgbẹ́. Gbogbo pòròpórò àti koríko tí ìbá bo ilẹ̀, tí ìbá jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀, iná a jó o láàárín wákàtí kan. Ilẹ̀ tí iná ń jó lọ́dọọdún kì í lè di omi mú. Àwọn àgbà tí ó rántí ọdún 1983 kò ní gbàgbé bí ọ̀dá àti iná ṣe jọ dé pọ̀ ní ọdún náà, tí oko kòkó jóná ní Ghana àti ní ilẹ̀ wa níhìn-ín.

Ẹnì kan kò lè dá iná dúró. Àgbẹ̀ tí ó bo oko rẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń sun tirẹ̀, oúnjẹ iná ni ó kó jọ. Níbí ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Kí ẹ tó kúrò nínú oṣù kọkànlá, ẹ jọ fẹnu kò. Kí gbogbo àwọn tí oko wọn pààlà jọ ṣán àyíká oko, kí wọ́n gbá a mọ́, kí iná má lè rékọjá. Kí ẹ pe àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran sí ìpàdé náà. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

ILẸ̀ ONÍYỌ̀

Irè oko lè wà nínú omi kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹ́. Iyọ̀ ni ó ń fa èyí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ̀ pé bí a bá bu iyọ̀ sórí ewébẹ̀ tútù, omi ara rẹ̀ a jáde, yóò sì rọ. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ inú ilẹ̀ ṣe ń ṣe sí gbòǹgbò. Ó ń di omi mú, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí i fà.

Ní etí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí irú ìlú Ayétòrò, omi òkun ni ó ń gbé iyọ̀ wọlé. Ní apá òkè ọya, níbi tí a ti ń bu omi rin oko ńlá, omi tí ó ń gbẹ lójú ilẹ̀ ni ó ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Ní Bangladesh, wọ́n ti ní ìrẹsì tí ó lè gbó nínú ilẹ̀ oníyọ̀. Tiwa ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò wa ń fọ ilẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún. Iyọ̀ tí ó ń yọ wá lẹ́nu, àwa fúnra wa ni a ń fi ọwọ́ bù ú síbẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ajílẹ̀ inú àpò. Iyọ̀ ni. Ẹni tí ó bù ú sí ìdí àgbàdo gan-an, tàbí tí ó bù ú sí ilẹ̀ gbígbẹ, ń fi kún òùngbẹ ni. Ẹ fi í jìnnà sí ìdí àgbàdo ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ bò ó, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù nìkan. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ọ̀dá bá sì dé, ẹ dá ọwọ́ dúró, ajílẹ̀ kì í ṣe omi.

Ọ̀nà kejì ni ìgbẹ́ adìẹ tútù. Ó dára fún ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kó o jọ, kí ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó wọ oko. Ọ̀nà kẹta ni eérú. Ẹni tí ó ti sẹ́ omi eérú fi ṣe ọṣẹ dúdú rí mọ̀ bí ó ti ń ta. Èròjà potásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, èyí tí ó ń ran ewé lọ́wọ́ láti pa àwọn ihò rẹ̀ dé nígbà ọ̀dá. Nítorí náà, díẹ̀ rẹ̀ dára, àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń jó gbòǹgbò.

Ọ̀nà kẹrin kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ àkùrọ̀, àti ní ìsàlẹ̀ odò tí a sé ní Ìtàpajì àti ní Ìkún. Bí ẹ bá ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, òkè ilẹ̀ nìkan ni ó ń tutù. Oòrùn a fa omi náà lọ, a sì fi iyọ̀ sílẹ̀ lójú ilẹ̀. Ẹ bu omi tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi wọlé jìn kọjá gbòǹgbò, ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí ẹ tó tún bu òmíràn. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì sókè kí omi àfọ̀kù lè rí ọ̀nà lọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lójú ilẹ̀, bí etí ewé àgbà bá ń jóná láti ṣóńṣó rẹ̀ wá, bí irè oko bá rọ nígbà tí ilẹ̀ tutù, ẹ fura. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró, ẹ fi omi púpọ̀ fọ ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi ewé jíjẹrà kún un. Bí ẹ̀rí kò bá dájú, ẹ bu erùpẹ̀ láti ibi mẹ́wàá lóko, ẹ pò ó pọ̀, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì wà ní Ìkọ̀lé nítòsí yín. Ẹ lọ béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀.

OÒGÙN INÚ ÌGÒ

Àwọn kan ń gbé oògùn olómi kiri lóde òní, wọ́n ní bí a bá fún un sí ewé, ọ̀dá àti iyọ̀ kò ní ran irè oko mọ́. Òmíràn nínú wọn jẹ́ omi koríko inú òkun, a sì ti rí i ní ibi ìwádìí pé irú rẹ̀ lè ṣe ìrànwọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn kankan tí ó lè rọ́pò omi. Kí ẹgbẹ́ tó ná owó lé e, ẹ ra ìgò kan péré. Ẹ fún un sí ebè mẹ́wàá, ẹ fi mẹ́wàá mìíràn sílẹ̀ nínú oko kan náà, kí ẹ sì wọn ìkórè méjèèjì lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí èrè rẹ̀ kò bá ju owó rẹ̀ lọ, ẹ fi owó yín ra irúgbìn gidi.

ÀKÓTÁN

1. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbìn. Ẹ má ṣe sáré tẹ̀lé àkọ́rọ̀ òjò.
2. Ẹ ka ọjọ́, kí àgbàdo má baà yọ òdòdó sínú ọ̀dá.
3. Ẹ kọ ebè dínà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ dí poro, ẹ bo ilẹ̀.
4. Ẹ jọ dènà iná kí oṣù kọkànlá tó parí.
5. Ẹ má bu ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tútù tàbí eérú sí ìdí irè oko.
6. Ẹ bu omi kí ó wọlé jìn, kì í ṣe kí ó kàn tutù lójú ilẹ̀.

Ẹ bá wa ka ìwé yìí fún ẹni tí kò lè kà á, kí ẹ sì jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. Òjò yóò rọ̀, yóò sì dá. Ìkòkò tí a ti tún ṣe ni yóò gbà á dúró. A kò ní kórè òfo o. Ó di ìgbà mìíràn.